Ẹni Tó Pe Ọmọ Mi Lẹ́bàá Okùn

Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ dákun, ẹ má kà á. Èmi fúnra mi ti gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń rí nǹkan kiri. N kì í jókòó síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iwin. Ẹni tó bá mọ̀ mí yóò sọ fún yín pé mo máa ń padà lọ wo ilẹ̀kùn tí mo ti tì, mo sì máa ń gbọn bàtà ọmọ mi wò nítorí àkekèé kó tó wọ̀ ọ́. Ohun tí mo bá sọ pé mo rí, mo ti wò ó dáadáa kí n tó sọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, torí wọn kò ṣe mí níbi. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀nà kan ni wọ́n ń ṣe lápá Òkè-Òyì, lẹ́yìn ìlú Ìlọrin, kì í sì í ṣe ọ̀nà ọlọ́dà. Ọ̀nà kọnkéré ni.

Bí ẹ kò bá tíì rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, torí inú iṣẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ̀rọ náà tó ilé. Ẹsẹ̀ onírin bíi ti katapílà ló fi ń rìn, ìrìn rẹ̀ kò sì yá rárá. Típà á fi ẹ̀yìn rìn wá, á da kọnkéré síwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ á tẹ́ ẹ, á gbọ̀n ọ́n, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bó sì ṣe ń lọ, odindi ọ̀nà á máa yọ lẹ́yìn rẹ̀, etí ọ̀nà náà á dúró ṣánṣán láìsí pákó tó dì í mú. Kọnkéré ọ̀hún kì í ṣe èyí tó ń ṣàn. Ó ki bí ẹ̀kọ tó ti tutù.

Ẹni tó jókòó lókè ẹ̀rọ kì í wà á bí ẹ ṣe ń wa mọ́tò. Okùn ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Wọ́n á ti na okùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lórí àwọn irin kéékèèké, á le tantan. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ jáde lára ẹ̀rọ bí ìka ọwọ́, ó fara lé okùn yẹn. Bí okùn bá gòkè, ẹ̀rọ á gòkè. Bí okùn bá yà, ẹ̀rọ á yà. Bí ewúrẹ́ bá forí gbá okùn, ọ̀nà á wọ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣọ́ okùn. Kí n máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, kí n máa wò ó bóyá ó dẹ̀, kí n má sì jẹ́ kí ènìyàn tàbí ẹran fara kàn án. Wọ́n fún mi ní fèrè àti ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yinrin. Ìyá Okùn ni wọ́n ń pè mí.

"Ìyá Okùn," Délé tó ń darí ẹ̀rọ máa ń ké láti òkè, "ṣé okùn yín ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Ó ti yó," èmi náà á ní. "Ìwọ ni kó o lọ fọ ẹnu rẹ."

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Délé, aláwàdà ni, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń sín ènìyàn jẹ. Bó bá sín injiníà wa jẹ, ẹ ó wẹ̀yìn. Ẹ rántí ìyẹn náà, torí òun ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, obìnrin. Ìyá ọkọ mi kú nígbà tí oyún ọmọ náà wà nínú mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ ìyá náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ìyàwó ilé mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìyàwó kì í la ẹnu pe orúkọ ìyá ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí ló ń jẹ́ ẹ. "Ìyá mi" ni mo ń pè é. Bàbá rẹ̀ ń pe orúkọ náà, àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń pè é. Kò tẹnu tèmi jáde rí. Bí mo ṣe ń kọ èyí gan-an, mi ò ní kọ ọ́.

Apá kan ọ̀nà yẹn ni ilé wa wà nígbà náà, ilé ìwé rẹ̀ wà ní apá kejì. Bó bá ń lọ láàárọ̀, á gbé kókó wá fún mi nínú fúláàsì, èmi fúnra mi á sì fà á lọ́wọ́ gba orí pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń sọdá.

"Ìyá Okùn, ọmọ yìí ti ga jù yín lọ, ẹ ṣì ń fà á lọ́wọ́!" Délé á ní.

"Jẹ́ kó ga. Típà tó ń fi ẹ̀yìn rìn kò mọ ẹni tó ga."

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. A máa ń tètè dé ẹnu iṣẹ́ kí oòrùn má baà fa omi inú kọnkéré gbẹ. Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, ó di ìdí okùn. Ọyẹ́ bolẹ̀ lọ́jọ́ náà débi pé mo ń gbọ́ ẹ̀rọ lẹ́yìn mi, mi ò rí i. Okùn nìkan ni mo rí, ìwọ̀nba ibi tí ojú mi tó.

Ni ẹnì kan bá kí mi láti òdìkejì okùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ohùn obìnrin ni. Ó rẹlẹ̀, bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Kí ni kí n ṣe? Ẹ sọ fún mi. Wọ́n kí yín kú iṣẹ́, ẹ ò dáhùn, irú ènìyàn wo ni wọ́n á pè yín?

"Ẹ ṣeun o, ẹ kú àárọ̀," ni mo wí. Mo rò pé ìyá kan tó ń lọ sóko ni.

"Ilé ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, a dúpẹ́."

"Ọmọ ńkọ́?"

Ibí lọ̀rọ̀ ti yíwọ́. "A dúpẹ́" ti tó, kí n dákẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ẹnu ìyá kì í sì í tètè pa dé lórí ọ̀rọ̀ ọmọ.

"Ó wà dáadáa," ni mo ní, "ó máa tó gba ibí kọjá lọ sílé ìwé."

Mò ń retí kó ní "Ọlọ́run á wò ó" bí àgbà ṣe máa ń ṣe. Kò sọ ọ́.

Okùn wá rọ̀ wálẹ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, mò ń wò ó nígbà tó ṣe é. Kì í ṣe atẹ́gùn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lu okùn, gbogbo rẹ̀ ló máa ń gbọ̀n. Ojú kan ṣoṣo ni èyí ti rọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ lé e láti sinmi, ó sì ta padà sókè. Lẹ́yìn mi, ẹ̀rọ kùn, ó rì sílẹ̀, ó tún gòkè.

"Ìyá Okùn!" Délé ké. "Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Kò sẹ́ni!"

"Kò sẹ́ni báwo? Ẹ wá wo ihò tó gbẹ́ síbí!"

Àwọn òṣìṣẹ́ sáré fi kọnkéré dí i, wọ́n tẹ́ ẹ. Èmi lọ wo òdìkejì okùn. Ìtẹ̀sẹ̀ bàtà mi wà lápá tèmi lọ rẹrẹ. Lápá kejì, láàárín okùn àti ojú táyà típà, eruku náà tẹ́ bí èlùbọ́ inú àwo. Kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn níbẹ̀, kò sí ti adìyẹ.

Nígbà tí a sinmi, mo pe Délé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ lo ń ṣe ohùn obìnrin fún mi láàárọ̀?"

"Èmi? Nínú ariwo ẹ̀rọ yìí? Màmá, bí mo bá fi gbogbo ọ̀fun ké látòkè, ṣé ẹ máa ń tètè gbọ́ mi?"

Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ yẹn ló sì kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Délé á ké títí kí n tó gbọ́ ọ. Báwo ni mo ṣe wá gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?

Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ abúlé ibẹ̀, ló ń ṣọ́ àwọn irinṣẹ́ wa. Mo lọ bá a. Ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀.

"Bàbá, ṣé àwọn obìnrin máa ń gba apá ibẹ̀ yẹn lọ sóko láàárọ̀?"

"Wọn ò gba ibẹ̀ mọ́ látìgbà tí ẹ ti gé ọ̀nà oko."

"Ẹnì kan kí mi níbẹ̀."

Ìka rẹ̀ dúró lórí tẹ̀súbáà. Kò gbójú sókè. "Ṣé o dá a lóhùn?"

"Mo dá a lóhùn."

"Hẹn-ẹn," ni Bàbá wí. Ó bá dìde, ó ní òun ń lọ pọn omi àlùwàlá. Kẹ́tù omi rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó kún. Mo fura sí òun náà. Ta ni kò ní fura sí ẹni tó mọ nǹkan tí kò fẹ́ sọ?

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní oorun ló ń kùn mí, kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ bó bá ti sú mi. Mi ò bá a jiyàn. Ọmọ mi ni mo pè jókòó.

"Ìyá mi, láti ọ̀la lọ, o ò gbọdọ̀ dé ìdí okùn. Ìdí pákó ni kó o dúró sí títí màá fi wá mú ọ."

"Bí ẹnì kan bá pè mí ńkọ́?"

"Má lọ."

"Bí Bọ̀dá Délé bá pè mí ńkọ́?"

"Má lọ, mo ní."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pè mí ńkọ́, Màámi?"

"Bó bá jẹ́ èmi, kó o wá."

Mo ti ro gbólóhùn yẹn títí, mi ò rí nǹkan tó burú nínú rẹ̀. Ìyá wo ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ tún pọ̀ ju ti àná lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo gbọ́ ọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo ti fèrè bọ ẹnu kí ẹnu mi lè rí nǹkan ṣe. Mi ò dáhùn.

"Ilé ńkọ́?"

Mò ń wo okùn nìkan.

"Ọmọ ńkọ́?"

Mo fi eyín di fèrè mú. Ohùn náà wá pe orúkọ ọmọ mi. Orúkọ náà gan-an, ó pè é tán pátá.

"Òun ńkọ́?" ó ní. "Kò tíì gbé kókó dé?"

Fèrè bọ́ lẹ́nu mi. Níbi iṣẹ́ yẹn, kò sí ẹnì kankan tó mọ orúkọ yẹn. Délé rò pé Ìyá ni ọmọ náà ń jẹ́. Ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi tó ti lọ. Àmọ́ ohùn ìyá ọkọ mi há, ó sì nípọn, kì í ṣe èyí. Èyí tún ṣòro ju ìyẹn lọ: mo mọ ohùn náà. Mo ti gbọ́ ọ rí dáadáa, mi ò ṣáà rántí ibi tí mo ti gbọ́ ọ.

Bí mo ṣe ń rò ó, okùn ta kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó fà sí òdìkejì bí ọrun tí ọdẹ fà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kò padà. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yà tẹ̀ lé e.

Mo bojú wo ìdí pákó. Fúláàsì wà níbẹ̀, ó dúró ṣánṣán lórí pákó, ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ọmọ mi kò sí níbẹ̀.

Aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ni mo rí nínú ọyẹ́, lápá kejì okùn, lójú ọ̀nà ibi tí típà máa ń fi ẹ̀yìn gbà. Ó ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ síbi tí okùn ti fà yẹn. Kò sáré. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Mo sì ń gbọ́ típà tó ń pariwo pin-in pin-in bó ṣe ń fi ẹ̀yìn bọ̀.

"Ìyá mi!" mo ké. "Ìyá mi o!"

Kò yíjú.

Ẹ gbọ́ o. Orúkọ yẹn dé ẹ̀yìn eyín mi. Bí mo bá pè é, bóyá á yíjú. Àmọ́ ẹlòmíràn ti ń pè é níbẹ̀. Ohùn ta ni ọmọ á tẹ̀ lé nínú àwa méjèèjì?

Mi ò pè é. Okùn ni mo gbá mú, èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo fi gbogbo agbára mi fà á sọ́dọ̀ ara mi, mo sì sùn lé e. Irin kan fà tu nílẹ̀. Ẹ̀rọ ta gìrì, ó ké, ó dúró. Délé fọn fèrè ńlá tó wà lókè ẹ̀rọ, èyí tó túmọ̀ sí pé kí gbogbo ohun tó ń rìn dúró. Típà dúró.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn típà súnmọ́ ọn débi pé mo ní láti fi ẹ̀gbẹ́ wọlé kí n tó lè fà á jáde.

"Ta ló ní kó o sọdá?" Mo di apá rẹ̀ mú. "Ta ló ní kó o kúrò nídìí pákó?"

Ojú mi ló ń wò, ó yà á lẹ́nu. "Ẹ̀yin ni."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ pè mí, Màámi. Ẹ pe orúkọ mi. Mo rò pé inú ń bí yín ni, torí ẹ kì í pè é."

Ibẹ̀ ni mo ti wá rántí ibi tí mo mọ ohùn yẹn sí. Inú fóònù ni. Bí mo bá gba ohùn ara mi sílẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi, tí mo wá tẹ̀ ẹ́ kí èmi náà gbọ́, bó ṣe máa ń dún nìyẹn.

Injiníà dé pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ̀yin tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ okùn, ẹ̀yin lẹ fà á?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ fà á sápá ibo?"

"Sọ́dọ̀ ara mi. Apá ibí."

Ó wo ọ̀nà tó yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ó wo èmi náà. Ọ̀nà yà, òótọ́ ni, àmọ́ òdìkejì ló yà sí, ó rọra ta ikùn síta bí ẹni pé nǹkan kan dúró níbẹ̀ tó yẹ kó yà fún. Injiníà yí ojú kúrò lára ọ̀nà náà. "Ẹ máa mú ọmọ yín lọ sílé," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Délé pè mí lórí fóònù. Kò ṣàwàdà rárá, ó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Màmá, a wó ibẹ̀. A tún okùn na, a fi ọkùnrin kan sídìí rẹ̀, a tún un ṣe."

"Ó wá tọ́?"

"Ó tún yà. Ojú ibẹ̀ náà ni."

"Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ẹnì kan kí i?"

"Ó ní kò sẹ́ni tó kí òun. Àmọ́ kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó sì ti kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kúrò lábúlé."

Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà náà wà níbẹ̀ lónìí, mọ́tò ń gbà á. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn ọlọ́kadà tẹ́ ẹ sì kọjá níbẹ̀, ara yín á fì díẹ̀ sápá kan, ẹ ò sì ní mọ̀dí rẹ̀.

A ti kó wá sí àdúgbò Basin nínú ìlú Ìlọrin. Mo wá ilé ìwé tí ọmọ kò ní sọdá ọ̀nà kankan kó tó dé. Mo sì ti kọ́ ọ, mo kọ́ ọ títí ó fi sú u: èmi kò ní pe orúkọ rẹ láéláé. Bó o bá gbọ́ orúkọ rẹ lóhùn mi, kì í ṣe èmi. Ó máa ń ní òun ti gbọ́.

Àmọ́ lánàá, mò ń di irun rẹ̀. Ó bi mí bí ẹni tó ń bèèrè iyọ̀.

"Màámi, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ mi ni?"

Ọwọ́ mi dúró nínú irun rẹ̀. "Nígbà wo?"

"Láàárọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ wà lórí ìrun."

"Ṣé o jẹ́ ìpè náà?"

Mo tẹ̀ síwájú kí n lè wo ojú rẹ̀.

"Oorun ṣì wà lójú mi," ó ní. "Mo ti ní 'mà' kí n tó rántí."

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá kí yín kú iṣẹ́, ẹ dáhùn, ọmọ ènìyàn ni yín. Bí wọ́n bá bèèrè ilé, ẹ ní ẹ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tẹ́ ẹ kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bi yín pé ọmọ ńkọ́, ẹ má sọ ibi tó ń gbà kọjá fún un. Èmi ti sọ ọ́. Láti àná, orí ẹní tí ọmọ mi ń sùn lé ni mo ti ń kírun, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni mo sì fi ń di etí rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà gbọ́ ìpè.